Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó ra RAM fún kọ̀ǹpútà iṣẹ́

Láti ìparí ọdún 2025 ni RAM kọ̀ǹpútà ti gbówó lórí káàkiri àgbáyé, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń ṣiṣẹ́ AI. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, iléeṣẹ́ Micron ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú títa RAM Crucial fún aráàlú. Oníṣòwò tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní láti fara balẹ̀, kó má baà ra èyí tí kò ní wúlò fún un.

RAM ló dà bíi tábìlì tí télọ̀ ń gé aṣọ lé lórí. Bí tábìlì bá kéré, yóò máa kó aṣọ kan kúrò kó tó lè tẹ́ òmíràn. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi máa ń falẹ̀ bí wọ́n bá ṣí CorelDRAW, Excel àti íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀.

Irú rẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ wò. DDR4 ti wà lọ́jà láti ọdún 2014, DDR5 dé ní 2021. Ọ̀kan kì í wọ ojú ihò èkejì, nítorí náà irú tí motherboard bá gbà nìkan ni kéèyàn rà. Ti laptop kúrú ju ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni bó ṣe pọ̀ tó. GB 8 lè gbé lẹ́tà títẹ̀ àti ìṣirò owó ọjà. Ẹni tó ń ya àwòrán ìpolówó yóò nílò GB 16, ẹni tó ń ṣe fídíò yóò sì nílò GB 32. Windows oní 32-bit kò lè lo ju GB 4 lọ, bó ti wù kí wọ́n kì sí i tó.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. RAM GB 8 méjì tí wọ́n tà pọ̀ nínú páálí kan máa ń yá ju GB 16 ẹyọ kan lọ, nítorí pé processor yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èèyàn bá da èyí tó yá pọ̀ mọ́ èyí tó lọ́ra, ìwọ̀n èyí tó lọ́ra ni méjèèjì yóò máa bá rìn. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà lè má tàn rárá. Ṣùgbọ́n bí motherboard bá ní ihò méjì péré, tí oníṣòwò sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun yóò tóbi sí i, ẹyọ kan tó tóbi lè sàn jù, kí ihò kejì lè wà fún ọjọ́ iwájú.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, kéèyàn ní kí wọ́n fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gba rìsíìtì tó kọ iye ọjọ́ tó lè dá a padà. RAM tó ti bàjẹ́ lè ba àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tètè mọ̀.