Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀ fún Ẹni Tí Ó Kó Lọ sí Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá ń kó láti Sùúrùlérè lọ sí Ìgándò a máa rántí bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò ọbẹ̀. Ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ rẹ̀ ni kì í sí lọ́kàn rẹ̀. Àwa olùkọ́ pàápàá jẹ̀bi èyí.

Third party ni òfin ọdún 1945 sọ di dandan fún ọlọ́kọ̀ ní Nàìjíríà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó rẹ̀ ti di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni. Ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wa bá ṣe léṣe tàbí tí ó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ ni ó wà fún. Bí olè bá jí ọkọ̀ tiwa gbé, kò kàn án.

Comprehensive ni ó ń dáàbò bo ọkọ̀ tiwa, òun sì ni ilé kíkó lè dà rú. Kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó gbà á, wọ́n sábà máa ń béèrè ibi tí ọkọ̀ ń sùn. Ká ní olùkọ́ kan kọ ọ́ pé inú ọgbà tí ó ní géètì àti ọdẹ ni, tí ó wá kó lọ sí Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, tí àyè kò sì sí nínú ilé, etí títì ni ọkọ̀ ń sùn. Bí wọ́n bá jí i lóru, ilé-iṣẹ́ náà lè wí pé ewu tí àwọn gbà kọ́ nìyí.

Nítorí náà, kí ẹrù tó kúrò nílé, kí á kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiwa, kí á sì gba ìwé àfikún tí ó gbé àdírẹ́sì titun. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a bá aṣojú wọn sọ kò tó. Bí wọ́n bá ní kí á fi owó kún un, kí á san án, kí á sì gba rìsíìtì.