“Ọkọ Mi Ti Ogun Làìbéríà Dé, Ṣùgbọ́n Ogun Ò Tíì Kúrò Lára Ẹ̀”

Bí ẹ bá ti Ilé-Ifẹ̀ ń lọ sí Ẹdẹ, ẹ máa gba oríta Sẹ́kọnà kọjá. Nítòsí oríta yìí ni ìyá kan ti ń ta gààrí àti èlùbọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun. Lọ́jọ́ tí mo ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀, táyà lọ́rì kan bẹ́ gbòà lọ́dọ̀ fọkanáísà. Gbogbo wa fò sókè, a sì bú sẹ́rìn-ín. Àfi bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn ìyá náà. Ká tó ṣẹ́jú, bàbá ti wà lábẹ́ tábìlì gààrí, ó dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ó pẹ́ gan-an kó tó jáde.

“Má bínú, ọmọ mi,” ni ìyá náà wí. “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Sójà ni tẹ́lẹ̀. Ó bá wọn lọ sí Làìbéríà. Ó ti dé láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ogun ò tíì kúrò lára ẹ̀.”

Ìyá yìí sọ fún mi pé ọkọ òun kì í sùn lóru. Bó bá sùn, a máa pariwo. Ó ń pe orúkọ ẹnì kan tí kì í ṣe ará ilé wọn. Ọtí ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Àwọn aládùúgbò ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ló ń jà á. Wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ewúrẹ́ méjì ló bá a lọ. Níkẹyìn wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan. Ibẹ̀ ni dókítà ọ̀dọ́ kan ti mú ìwé jáde pé kí ìyá fọwọ́ sí i, kí ọkọ rẹ̀ lè wọ inú ìwádìí kan.

“Ìwádìí kẹ̀? Mo ní wọ́n fẹ́ fi ọkọ mi dán oògùn wò bí ẹni ń fi eku ṣe é! Mo kì í lọ́wọ́ mú, a wọ mọ́tò, ó di ilé.” Ó wá bojú wò mí. “Ìwọ tó ń kọ ìwé ìròyìn, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń pa wọ́n?”

N kò lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fún mi láyè kí n lọ wádìí.

LÁTI LANTORO DÉ YÁBÀÁ

Àìsàn yìí kì í ṣe tòní. Nígbà ogun Hitler, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ jà ní Bọ́mà. Àwọn mìíràn padà wálé tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n orí wọn ò pé mọ́. Torí irú wọn ni ìjọba ṣe sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lantoro, l'Ábẹ́òkúta, di ilé ìtọ́jú ní 1944. Lára rẹ̀ ni ọsibítù Aro ti jáde. Ẹ ò rí nǹkan! Aro tí a fi ń bú ara wa lọ́jà, ọ̀rọ̀ sójà wà nídìí ẹ̀.

Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Ó ní kí wọ́n má kàn máa ti aláìsàn mọ́lé. Kí ẹbí rẹ̀ kan bá a wá, kí wọ́n gba yàrá ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù, kó máa wá gba ìtọ́jú lójú mọmọ, kó sì padà sí abúlé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé sì fi Lámbò ṣe igbákejì olórí wọn lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan ìyá elélùbọ́ wa jù lọ ni ìwádìí ti Yábàá, l'Ékòó. Ọsibítù àwọn ológun wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó ń ṣàìsàn láti Làìbéríà àti Sàró wá. Àwọn dókítà méjì, Okulate àti Jones, bi àwọn sójà wọ̀nyí léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú sójà 100, àwọn 22 ló ní àìsàn tí ìyá yìí ń ròyìn gẹ́lẹ́: àlá burúkú, ìjayà, kí ohun tó ti kọjá máa padà wá bíi pé ojú ẹ̀ ló tún ń ṣẹlẹ̀. Àwọn 38 nínú 100 ni ọkàn ń dá lẹ́bi pé, “Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ mi kú, tí èmi ò kú?” Nígbà tí mo ka ìyẹn, orúkọ tí bàbá ń pè lóru ló sọ sí mi lọ́kàn.

Wọ́n tún rí i pé àìsàn náà pọ̀ lára àwọn tó pẹ́ lójú ogun, àwọn tó ń mutí, àwọn tó ti mu igbó rí, àti àwọn tó ti da ẹ̀tù ìbọn mọ́ ọtí mu rí. Ẹ̀tù ìbọn ni mo wí o, ẹ ò ṣì mí gbọ́.

ṢÉ WỌ́N Ń PA WỌ́N?

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1980 ni àwọn dókítà ibẹ̀ fún àìsàn yìí ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní, PTSD. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ìtọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á pín àwọn aláìsàn tó gbà sí ọ̀nà méjì, bí ẹni ju kọ́bọ̀ sókè. Ìhà kan á gba ìtọ́jú tuntun, ìhà kejì á gba òmíràn. Wọ́n á wá wo ta ni ara rẹ̀ yá jù.

Ní 2007 wọ́n tẹ irú rẹ̀ kan jáde tí wọ́n fi obìnrin 284 ṣe, sójà àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ni. Wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa wàhálà tó wà nílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ìyókù, ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n gan-an ni wọ́n ń sọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, léraléra. Àwọn wọ̀nyí ni ara wọn yá jù. Èmi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n oówo tí a kò tú, ṣé ó ń san?

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bọ́ sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, prazosin, tí wọ́n rò pé ó ń lé àlá burúkú lọ. Wọ́n fi sójà àtijọ́ 304 wádìí ẹ̀. Ìhà kan mu oògùn gidi, ìhà kejì mu hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní 2018 wọ́n jáde wí pé oògùn yìí kò sàn ju hóró lásán lọ. Bí wọn ò bá wádìí, tá ni ìbá sọ fún wa?

Ní ilé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn n'Íbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Kì í ṣe ti sójà, àwọn 307 tí àìsàn ọpọlọ líle ń dà láàmú tí wọ́n wà lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì ni. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, ara àwọn aláìsàn yá jù ní oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé bí ẹ bá gba ọsibítù, ẹ ti kọ bàbá ìṣègùn sílẹ̀ nìyẹn, ẹ gbọ́.

Mo padà sí Sẹ́kọnà. Ìyá tú etí ìró rẹ̀, ìwé dókítà ṣì wà níbẹ̀, ó ti rún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, ojú ewé mẹ́ta, n kò sì rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú ewé kejì ló ní ọ̀ranyàn kọ́, ó ní ẹni tó bá wọlé lè jáde nígbà tó bá wù ú, wọn ò sì ní torí ẹ̀ dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

“Wọn ò sọ èyí fún mi,” ni ìyá wí.

Bàbá tó jókòó sẹ́yìn wa, tí kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀, wá gbójú sókè. “Àbí èmi ni mo ń ṣàìsàn ni,” ó ní. “Wọn ò bi mí. Ka ojú ewé kejì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo kà á.