Ẹ̀rí Mẹ́ta Lórí Orírun Àwọn Magyar: Èdè, Ìwalẹ̀pìtàn àti DNA

1.0 Ìfáàrà
Ní nǹkan bí ọdún 895 ni àwọn Magyar, lábẹ́ Árpád olórí wọn, wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí òkè Carpathian yí ká, níbi tí orílẹ̀-èdè Họ́ńgárì wà lónìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Simon ará Kéza, tí ó kọ ìwé ìtàn rẹ̀ láàárín ọdún 1282 sí 1285, sọ pé ìran kan náà ni àwọn Magyar àti àwọn Hun. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ orírun: níbo ni èdè ti wá, níbo ni àṣà ti wá, níbo sì ni àwọn ènìyàn náà fúnra wọn ti wá?

2.0 Ẹ̀rí Èdè
Èdè Magyar kò bá èdè Jámánì tàbí àwọn èdè Slav tí ó múlé gbè é tan. Inú ẹbí èdè Uralic ni ó wà. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù ni èdè Khanty àti èdè Mansi, tí a ń sọ ní ìwọ̀-oòrùn Sìbéríà, lẹ́yìn òkè Ural. Ṣáájú kí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó fìdí èyí múlẹ̀ ni àlùfáà Julian ti bá àwọn ènìyàn tí èdè wọn yé e pàdé lẹ́bàá odò Volga, ní nǹkan bí ọdún 1236.

3.0 Ẹ̀rí Ìwalẹ̀pìtàn
Ní itẹ́ òkú Bolshie Tigany, ní agbègbè odò Volga òun Kama, àwọn awalẹ̀pìtàn rí òkú tí a fi fàdákà pẹlẹbẹ bo ojú, tí a sì sin orí àti ẹsẹ̀ ẹṣin mọ́. Irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ wà ní Họ́ńgárì ní ọ̀rúndún kẹwàá. Síbẹ̀, a lè kọ́ àṣà lọ́dọ̀ aládùúgbò, a sì lè ra ohun ọ̀ṣọ́ lọ́jà. Ohun èlò nìkan kò tó láti fi mọ ìran ẹni tí ó lò ó.

4.0 Ẹ̀rí DNA
DNA ni àbùdá tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, a sì lè yọ ọ́ láti inú eegun tàbí eyín òkú àtijọ́. Ẹ̀yà kan tí baba ń fún ọmọkùnrin rẹ̀, èyí tí a ń pè ní N-Z1936, wà lára àwọn Magyar ìgbàanì. Ó wà lára àwọn Khanty, Mansi àti Bashkir pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, Zoltán Maróti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò àbùdá òkú 265 jáde. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì àbùdá àwọn tí wọ́n jẹ́ ojúlówó Magyar nínú òkú wọ̀nyí jọ ti Mansi. Ìyókù jọ ti Sarmatian, àti díẹ̀ ti Hun. Ìtàn Simon kò ṣófo pátápátá nígbà náà, ṣùgbọ́n ó sọ apá kékeré di odindi. Bákan náà, eegun ọba Béla Kẹta, tí ó jọba láti 1172 sí 1196, fi hàn pé ẹ̀yà R1a ni ti ìdílé Árpád, kì í ṣe N. Ìran ọba kò fi dandan jẹ́ ìran gbogbo ìlú.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
Ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní agbègbè òkè Ural, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun kan náà. Lónìí, àbùdá àwọn ará Họ́ńgárì jọ ti àwọn aládùúgbò wọn ní àárín gbùngbùn Yúróòpù ju ti Mansi lọ, nítorí pé àwọn onílẹ̀ tí àwọn Magyar bá níbẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ, wọ́n sì dà pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ yí padà, èdè dúró. Ẹni tí ó bá fi DNA nìkan wá orírun èdè yóò ṣìnà. Ẹni tí ó bá fi èdè nìkan ka ìran ènìyàn yóò ṣìnà pẹ̀lú. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.