Kí Ló Ń Dún Ṣààà Nínú Máíkì Ríbọ́ọ̀nù?

Ọ̀rọ̀ ariwo la fẹ́ sọ lónìí.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé máíkì ríbọ́ọ̀nù kan lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ki oríkì ilé wa. Ohùn àgbà, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni. Nígbà tí mo délé tí mo fi earpiece sétí, àfi ṣààà, bí ẹni ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo yí volume sókè, ariwo náà bá ohùn wọn gòkè.

Ibo ló ti wá? Nínú máíkì ríbọ́ọ̀nù, aluminium pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín òòfà. Kò nípọn ju máíkírónì mélòó kan lọ. Irun orí nípọn jù ú lọ fíìfíì. Bí ohùn bá lù ú, á mì, iná táṣẹ́rẹ́ á sì jáde. Fún ohùn jẹ́jẹ́, preamp lè ní láti gbé iná yẹn sókè ní 60 sí 70 dB. 60 dB nìkan, ìlọ́po 1,000 ni.

Gbogbo preamp ló ní ariwo tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ gba ohùn ló ṣe kókó jù. Ohun tó bá dà mọ́ ohùn níbẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e ló máa gbé e sókè. Bí omi bá ti rú láti orísun, kò sí ife tí a fi bù ú tí yóò mọ́.

Ohun tí mo ṣe nìyí: preamp kékeré kan tó ń jókòó láàárín máíkì àti interface. Transistor JFET méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún waya ohùn kọ̀ọ̀kan. Phantom 48V ti interface ló ń lò. Ó ń fi bíi 20 dB kún ohùn, ìyẹn ìlọ́po 10, n kì í sì í yí gain dé òpin mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, transistor. Toshiba kò ṣe 2SK170 mọ́, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ariwo rẹ̀ ju ti interface mi lọ. LSK170 ni mo padà lò.

Ìkejì, ẹ fi sínú àpótí onírin, kí ẹ so àpótí náà mọ́ pin 1. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iná ilé á máa kùn nínú rẹ̀.

Ìkẹta ló le jù. Bí 48V bá gba ibi tí kò yẹ dé inú máíkì, bóyá nítorí waya tó bàjẹ́, ríbọ́ọ̀nù lè fà tàbí kó ya. Kí ẹ tó ki máíkì bọ̀ ọ́, ẹ tan phantom, kí ẹ fi mítà wo pin 2 àti pin 3 níbi tí máíkì máa wọlé. Òdo ló yẹ kí ẹ rí.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn wọn mọ́ rekete, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ṣùgbọ́n wọn kò rántí oríkì bàbá wọn tí wọ́n kì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mọ́. Ibi tí ariwo ti bò ó mọ́lẹ̀ nìkan ló ṣì wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán ẹ̀rọ yín wò kí ẹ tó jáde nílé.