Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Bẹ Ta? Ìdáríjì àti Ìwòsàn Ọgbẹ́ Ọkàn nínú Ìtàn Àròsọ Ìfẹ́ Akọ sí Akọ àti Abo sí Abo ní Nàìjíríà

Nínú àwọn ìtàn àròsọ Nàìjíríà tí ó dá lórí ìfẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ọ̀rọ̀ ìdáríjì kì í pẹ́ kí ó tó jẹ yọ. Òbí a ní òun ṣetán láti dárí ji ọmọ bí ó bá yí padà. Pásítọ̀ a ní Ọlọ́run kò kọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Aya a máa bi ara rẹ̀ bóyá òun lè forí ji ọkọ òun. Lórí òfin, ẹ̀sìn àti ìdánimọ̀ ni lámèyítọ́ sábà máa ń bá irú ìtàn báyìí fà á. Ìbéèrè tí ó kéré ju ìyẹn lọ ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò: ta ni ó ṣẹ ta nínú àwọn ìtàn náà, ta ni ó sì yẹ kí ó bẹ ta? Èrò wa ni pé ìwòsàn kì í bẹ̀rẹ̀ nínú wọn títí ìdáríjì yóò fi yí ojú padà, tí ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò fi di ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Àṣà ẹ̀bẹ̀ Yorùbá sì lè là wá lójú sí bí ìyípadà náà ṣe ń wáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé tí a ó mẹ́nu bà, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìtàn inú wọn sì jẹ́ Igbo.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀. Orí wà nínú “dárí jì”, ó wà nínú “forí jì” pẹ̀lú. Ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ni ó ní agbára láti ṣe é. Ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe é. “Bẹ̀bẹ̀” ni ti ẹni tí ó ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lanu sọ pé “mo ti dárí jì ọ́” ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí a ṣẹ̀, kódà bí a kò bá tíì gbọ́ ẹjọ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ìwé yìí. Òwe kan sì wà tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu, bí ó tilẹ̀ le létí: ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ìdí mìíràn tún wà tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. “Adófuró”, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìṣe kan ṣoṣo ni ó dárúkọ. Kò sí ìfẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ọgbẹ́ ọkàn, kò sì sí ẹni tí a lè bẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi yan “ìfẹ́ akọ sí akọ” àti “ìfẹ́ abo sí abo” nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ohun tí ẹ̀bẹ̀ ń béèrè nínú àṣà, a kò ní rìn jìnnà. Ọ̀tà, ìlú Àwórì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá ààlà Èkó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ Gẹ̀lẹ̀dé, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìran aráyé. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ ni í kọ́kọ́ jáde: ó ń júbà àwọn ìyá, ó ń súre, ó sì ń fi orin tú àṣírí ẹni tí ó hùwà ìbàjẹ́ láàrin ìlú. Ó di ọ̀sán kí Gẹ̀lẹ̀dé tó bọ́ sí agbo láti tu àwọn ìyá lójú. A kò sọ pé Gẹ̀lẹ̀dé jẹ́ ẹ̀rí ìfẹ́ akọ sí akọ láyé àtijọ́, bí ó ti máa ń wu àwọn kan kí ó rí. Aṣọ obìnrin tí ọkùnrin ń wọ̀ níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ìyá ni. Ètò rẹ̀ ni ó wúlò fún wa: a ń dárúkọ ohun tí ó bàjẹ́ ní gbangba kí a tó tuni lójú.

Nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa, dídárúkọ gan-an ni ó ṣòro. Òfin tí ó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àti ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba tàbí tí ó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi kò lè ké jáde láìfi ara rẹ̀ lé òfin lọ́wọ́. Inú yàrá ni ọ̀rọ̀ náà ń parí sí, tàbí inú ìwé.

*Walking with Shadows*, tí Jude Dibia tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, ni ó yẹ kí a dúró lé jù lọ, nítorí pé òun ni ó lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù. Èkó ni ibùdó ìtàn. Adrian, tí orúkọ rẹ̀ ní kékeré ń jẹ́ Ebele, ti fẹ́ Ada, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan, Ego, kí ẹnìkan láti ibi iṣẹ́ tí ó ń wá ẹ̀san tó tú àṣírí rẹ̀ fún aya rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ojú ẹni tí ó yẹ kí ó bẹ̀bẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń wo Adrian. Ẹbí gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ fún ìtúsílẹ̀, wọ́n sì nà án ní pàṣán kí ẹ̀mí náà lè jáde lára rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń ka ibi tí wọ́n ti na Adrian yìí ní Ọ̀tà tàbí Ṣàngó-Ọ̀tà kò nílò àlàyé púpọ̀. Àárín ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ilé ìjọsìn ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé. Ìṣọ́ òru àti àdúrà ìtúsílẹ̀ jẹ́ ara ìgbé ayé òṣìṣẹ́ tí ó ti ìlú rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ibẹ̀ bí owó ọ̀sẹ̀ àti ọkọ̀ èrò ti jẹ́. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń mú ọmọ wọn lọ fún irú àdúrà bẹ́ẹ̀, Dibia kò sì fi ìyẹn pamọ́. Ìyẹn ni ó mú kí ọgbẹ́ náà jìn: ẹni tí ó ṣe ọ́ ní ibi gbà pé ire ni òun ṣe, kò sì rí ohun tí òun yóò bẹ̀ fún. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra, bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n òwe náà gbà pé ọmọ ṣẹ̀. Nígbà tí ọmọ kò bá ṣẹ̀, kí ni ọwọ́ òsì fẹ́ ṣe?

Dibia ì bá dúró síbẹ̀, ìwé rẹ̀ ì bá jẹ́ ẹjọ́ lásán. Ohun tí ó gbé e ga ni Ada. Adrian fẹ́ obìnrin yìí láìsọ ẹni tí òun jẹ́ fún un. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ibi ìsádi. Ní ojú Ada, ọkọ ni ó ṣẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ẹni kan náà ni wọ́n ṣẹ̀, òun kan náà ni ó ṣẹ ẹlòmíràn, ìkan kò sì pa èkejì rẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fẹ́ mú ọ̀kan: bóyá Adrian jẹ́ ẹni ìyà, bóyá ó jẹ́ ẹlẹ́tàn. Ìwé náà kò fún wọn láyè. Ìgbà tí Adrian yé tọrọ àforíjì nítorí ẹni tí ó jẹ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ rẹ̀ nítorí irọ́ tí ó pa, ni ìwòsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó náà kò padà sí bí ó ti wà. Ìdáríjì kì í ṣe ìpadàrẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń da méjèèjì pọ̀ nínú ìwàásù ìgbéyàwó wa. Nígbà tí wọ́n sọ ìwé náà di fíìmù ní ọdún 2019, ìrora aya wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Chinelo Okparanta gbà nínú *Under the Udala Trees* (2015). Ijeoma fẹ́ràn Amina, ọmọbìnrin Hausa, ní àkókò ogun Biafra. Nígbà tí wọ́n ká wọn mọ́, ìyá rẹ̀ mú un délé, ó sì ń fi Bíbélì kọ́ ọ lójoojúmọ́ kí ó lè yí padà. Lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó pẹ̀lú Chibundu, tí kò dùn fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní ìkẹyìn, Ijeoma gbé ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá sì gbà á, ó jọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dì mú.

Òǹkàwé tí ó ń retí kí ìyá wólẹ̀ bẹ ọmọ yóò rò pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹni tí a tọ́ ní ilé Yorùbá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbà sọ “má bínú” fún ọmọ ní tààrà. Oúnjẹ ni a ó gbé kalẹ̀; a ó fi oríkì pè ọ́ lẹ́yìn oṣù tí a kò pè ọ́ bẹ́ẹ̀; a ó béèrè bóyá o sùn dáadáa. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ṣé ó tó? Ní èrò tèmi, ó tó nínú ìwé Okparanta nítorí pé ìyá náà tún sọ̀rọ̀, ó dárúkọ ohun tí òun fi sílẹ̀. Oúnjẹ nìkan láìsí ọ̀rọ̀ a máa sọ ọmọ di ẹni tí ó ń jẹun pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé *Blessings* (2024) ti Chukwuebuka Ibeh. Anozie ká ọmọ rẹ̀ Obiefuna mọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ó ń gbé nílé wọn ní Port Harcourt, ó sì lé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ onílégbèé. Ìyá kò mọ ìdí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni bàbá náà fi ṣe ìyà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà sì ni kò jẹ́ kí ó lè bẹ̀bẹ̀. Ti Arinze Ifeakandu tún yàtọ̀. Nínú *God's Children Are Little Broken Things*, tí ó gba Ẹ̀bùn Dylan Thomas ní ọdún 2023, olólùfẹ́ ni ó sábà máa ń dá ọgbẹ́ sí olólùfẹ́ lára: ẹni tí ó ń bẹ̀rù ayé ni yóò sẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ayé kò sí nínú yàrá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kò sí èyí tí ó parí bí ìtàn ìfẹ́ òyìnbó ti máa ń parí. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ìparí tí ó fúnni ní ìrètí ṣe ara ohun tí ó ń sọ ìwé di ìtàn ìfẹ́, E. M. Forster náà takú pé *Maurice* gbọ́dọ̀ parí sí ayọ̀, ó sì fi ìwé tí ó kọ parí ní 1914 pamọ́ títí ó fi kú, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. A kò lè fi èyí bu àwọn tiwa kù. Àárín ọmọ àti òbí ni ayọ̀ sábà ń wà nínú tiwa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan fún ẹni tí yóò bá túmọ̀ Okparanta sí Yorùbá. Bí ìyá bá sọ pé “mo ti dárí jì ọ́”, ìtumọ̀ ti dojú rú. Ọmọ ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ padà. “Má bínú” sún mọ́ ọn, àmọ́ kò dún bí ìyá bẹ́ẹ̀. Oríkì ni ì bá ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Igbo ni Ijeoma, a kò lè pè é ní Àbẹ̀kẹ́. “Ọmọ mi” ni mo rò pé yóò ṣáájú gbólóhùn náà, kí “ó tó gẹ́ẹ́” sì tẹ̀ lé e.