Pẹ́dàlì Tí Ó Yẹ Agùnkẹ̀kẹ́ ní Ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Ní àkókò tí àwọn baba wa ń ra kẹ̀kẹ́ Raleigh, kò sí ẹni tí í béèrè irú pẹ́dàlì tí ó wà lára rẹ̀. Irin àti rọ́bà ni. Bí bàtà bá wà lẹ́sẹ̀, a fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, a fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ a sì máa lọ. Olùkọ́ a gùn ún lọ sí ilé-ìwé, àgbẹ̀ a gùn ún lọ sí oko, a sì di àpò gbágùúdá sẹ́yìn bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ eré tòkunbọ̀ lónìí, yálà Èkó ni ó ti rà á tàbí ará ilé rẹ̀ ni ó ti Àbíjàn mú un bọ̀, lè bá pẹ́dàlì mìíràn lára rẹ̀: ó kéré, ó ń yọ̀ bí ẹja, kò sì sí ibi tí a lè gbé ẹsẹ̀ lé e kí ọkàn balẹ̀. Bàtà tirẹ̀ ni ó ń fẹ́. Pẹ́dàlì yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé owó kékeré kọ́ ni a fi ń rà á, nítorí pé ó lè ba orúnkún jẹ́, àti jù gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tètè yọ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi ń ṣeré.

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó sọ ọ́ a máa da ènìyàn láàmú. Clipless ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kò di nǹkan kan mú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó di ẹsẹ̀ mú jù lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ó tó dé, inú àgò irin kékeré kan ni àwọn asáré-kẹ̀kẹ́ máa ń ki ẹnu bàtà wọn bọ̀, wọn a sì fi okùn awọ fún un mọ́ pẹ́dàlì. Àgò náà ni ó ń jẹ́ clip. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó fi ọwọ́ tú okùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Cinelli ti ilẹ̀ Ítálì ṣe irú kan tí kò ní àgò, tí kò sì ní okùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ni a ṣì fi ń ti irin tí yóò tú bàtà sílẹ̀. Ta ni yóò sì rántí irin nígbà tí ó bá ń ṣubú lọ? Ilé-iṣẹ́ Look ti ilẹ̀ Faransé ni ó mú ojútùú wá ní 1984. Iṣẹ́ wọn àtẹ̀yìnwá ni láti máa ṣe ohun tí í di bàtà mọ́ pákó tí àwọn ará ilẹ̀ olótùútù fi ń yọ̀ lórí yìnyín, tí í sì í tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ṣubú, kí egungun má baà ṣẹ́. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n gbé wá sí ara kẹ̀kẹ́. Ní 1985, Bernard Hinault lo pẹ́dàlì wọn, ó sì gba ipò kìíní nínú eré-ìje Tour de France. Láti ìgbà náà ni àgò àti okùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìgbàgbé. Ní 1990, Shimano ti ilẹ̀ Jàpáàn gbé oríṣi mìíràn jáde tí a ń pè ní SPD, tí a ṣe fún àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkè. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí ẹsẹ̀ yóò ti ṣe yọ ni ó jẹ àwọn tí ó ṣe é lógún, ju bí yóò ti ṣe dè lọ.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Ìkọ́ kan ń bẹ lábẹ́ bàtà. Bí a bá ti imú ìkọ́ náà bọ iwájú pẹ́dàlì, tí a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sípíríǹgì a là, a sì tún padé, a ó sì gbọ́ ìró rẹ̀. Láti yọ ọ́, a kò gbọdọ̀ fa ẹsẹ̀ sókè. Gìgísẹ̀ ni a ó yí síta, bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ kòkòrò pa. Àwọn kan gbàgbọ́ pé èrè rẹ̀ ni pé ènìyàn lè máa fa pẹ́dàlì sókè bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, kí agbára rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí ti wọn agbára ẹsẹ̀ àwọn agùnkẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á sókè ń lo agbára ara ju ẹni tí ń gùn ún bí ó ti mọ́ ọn lára lọ. Èrè rẹ̀ tòótọ́ ni pé ẹsẹ̀ kì í yọ̀ kúrò nígbà tí a bá ń yí i kíákíá tàbí nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, àti pé ojú kan náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń wà ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí kò kọjá ilé sí ọjà kò rí èrè púpọ̀ níbẹ̀. Kí ó máa lo pẹ́dàlì pẹlẹbẹ rẹ̀ ní àlàáfíà.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀, iye ihò tí ó wà ní abẹ́ bàtà ni a sì fi ń dá wọn mọ̀. Oríṣi oníhò mẹ́ta ni àwọn asáré ojú títì ń lò: Look Keo wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni SPD-SL ti Shimano. Ìkọ́ rẹ̀ jẹ́ ike, ó fẹ̀, ó sì yọ síta lábẹ́ bàtà. Nítorí fífẹ̀ rẹ̀, ó máa ń pín ìnira ká àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kì í tètè ro ẹni tí ó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni pẹ́dàlì rẹ̀ ní, ẹni tí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ yóò máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Oríṣi oníhò méjì ni SPD tí mo ti dárúkọ. Irin ni ìkọ́ rẹ̀, ó kéré, ó sì fara pamọ́ sínú kòtò kékeré kan ní abẹ́ bàtà, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rìn wọ inú ọjà láìsí wàhálà. Púpọ̀ nínú pẹ́dàlì rẹ̀ ni ó ní ojú méjì, èyí tí ó bá ṣáà wà lókè ni ẹsẹ̀ yóò wọ̀. Òmíràn tilẹ̀ wà tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ fún sálúbàtà, tí ojú kejì sì ní sípíríǹgì.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé. Ẹni tí ó bá jáde ní Èjìgbò ní òwúrọ̀, tí ó gba ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò lè wí pé òun kì yóò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí òun yóò fi dé. Ewúrẹ́ a sá dá títì kọjá. Ọlọ́kadà a yà lójijì láìfi ọwọ́ júwe. Táyà a jò, a ó sì fi ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìlú náà ti wí: nígbà ọyẹ́, eruku pupa a bo ohun gbogbo, nígbà òjò, etí títì a di ẹrẹ̀. Àwọn àgbà pẹ̀lú wà lójú ọ̀nà. Bí ẹni tí ó mọ baba rẹ bá pè ọ́ láti abẹ́ igi, ìwọ kò lè máa yí pẹ́dàlì lọ bí ẹni tí kò gbọ́. O ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí o rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí o sì dọ̀bálẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ lórí ike lọ kí àgbà! Yanrìn yóò sì jẹ ike náà. Kò ní pẹ́ tí ìkọ́ tuntun yóò fi di ohun tí a ń ránṣẹ́ rà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní àgbègbè wa yan oníhò méjì, ì báà jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ eré ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan yóò wí pé kì í ṣe ohun tí àwọn asáré ńlá ń lò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ese Ukpeseraye sáré ojú títì fún Nàìjíríà ní Ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 2024, a ti dí ọ̀nà náà mọ́ ọkọ̀; ewúrẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ díje, tí ó sì ní ọ̀nà tí ó tẹ́ tí ó ń gbà, kí ó ra oníhò mẹ́ta láìbẹ̀rù.

Nínú oníhò méjì náà, ẹ wo ìkọ́ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tí Shimano kọ SM-SH51 sí lára kì í yọ àfi bí a bá yí gìgísẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí a kọ SM-SH56 sí a máa yọ sí ọ̀nà púpọ̀, títí kan ìgbà tí a bá fa ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lú ìpayà. Èkejì yìí ni mo fẹ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré kan sì wà lára pẹ́dàlì tí a fi ń mú sípíríǹgì le tàbí kí ó dẹ̀. Kí a dẹ̀ ẹ́ dé òpin ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì fara ti ògiri, kí a máa wọ̀ ọ́, kí a máa yọ ọ́, ní ogún ìgbà fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a tó jáde sí títì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó kọ́ ọ tí kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe níbi eré sísá, bí kò ṣe níbi tí kẹ̀kẹ́ ti dúró jẹ́ẹ́. Kí ẹsẹ̀ yọ ṣáájú kí a tó fi ọwọ́ kan bíréèkì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ó kọ́kọ́ yọ, nítorí pé láti 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Bí o bá ní láti ṣubú, etí igbó ni kí o ṣubú sí, kí o má ṣe ṣubú sí abẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni ó kù. Ẹsẹ̀ ènìyàn kì í tọ́ gbọnrangandan. Ó máa ń yí díẹ̀ bí a ti ń tẹ pẹ́dàlì. Bí ìkọ́ kò bá gbà á láyè láti yí, orúnkún ni yóò gba ìyà rẹ̀. Àwọn tí ń lo oníhò mẹ́ta ní láti mọ èyí, nítorí àwọ̀ ni a fi ń dá ìkọ́ wọn mọ̀, àwọ̀ náà kò sì bára mu láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ìkọ́ pupa ti Shimano kò gba ẹsẹ̀ láyè rárá. Ti aláwọ̀ aró gbà á ní digírì 2, ti aláwọ̀ ìyeyè ní digírì 6. Ṣùgbọ́n ìkọ́ pupa ti Look Keo ni ó gba ẹsẹ̀ láyè jù lọ, digírì 9. Ti aláwọ̀ eérú jẹ́ 4.5, dúdú sì ni èyí tí kò yí rárá. Ẹni tí ó bá wí fún ọlọ́jà pé pupa ni òun ń fẹ́, tí kò dárúkọ ilé-iṣẹ́, lè ra ìrora fún ara rẹ̀. Níti ibi tí a ó de ìkọ́ mọ́, kí ọ̀pá àárín pẹ́dàlì wà lábẹ́ ibi tí ó ki jù ní ẹ̀yìn àtàǹpàkò. Bí orúnkún bá ń dunni lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí a tún ìkọ́ yẹ̀ wò, kí a sì wo gíga ìjókòó pẹ̀lú, kí a má sọ pé a ó máa fara dà á.

Kí a ra bàtà pọ̀ mọ́ pẹ́dàlì, nítorí bàtà oníhò mẹ́ta nìkan kò gba ìkọ́ oníhò méjì. Ọ̀sán ni kí a wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nítorí oòrùn. Pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe wàhálà, nítorí ìwọ̀n ihò kan náà ni kẹ̀kẹ́ àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ní níbi gbogbo. Ní Paris kan náà, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá Ukpeseraye ni ó fi díje nínú pápá; ẹni tí ó bá yá kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tú pẹ́dàlì tirẹ̀ dè mọ́ ọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ó ṣáà rántí pé ti apá òsì kò dà bí ti apá ọ̀tún: apá òsì ni a ń yí sípánà rẹ̀ sí bí a bá fẹ́ kí ó dè. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ti fi agbára ba ihò náà jẹ́ nítorí àìmọ̀ yìí. Kí a fi gírísì pa á kí a tó dè é. Nígbà ọyẹ́, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku inú sípíríǹgì nù, kí a kán òróró díẹ̀ sí i, kí a sì nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò, nítorí eruku a máa lẹ̀ mọ́ òróró. Bí ìkọ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fúnra rẹ̀ nígbà tí a ń gun òkè, ó ti jẹ nìyẹn. Kí a pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.