Ìbọn Ń Dún, Ọ̀rọ̀ Kò Dún: Ẹ Jẹ́ Ká Tún Home Theatre Yín Tò

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ń gbà béèrè ìbéèrè tòní, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni. Ẹ ra home theatre, ẹ so ó mọ́ TV, ẹ tan fíìmù. Bí ìbọn bá dún, ilé á mì tìtì. Bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ gbé ohùn sókè torí ọ̀rọ̀, ìbọn tún dún, ọmọ tó ti sùn jí, landlọ́ọ̀dù kanlẹ̀kùn. Àǹtí kan tó kọ̀wé sí wa ti ń wá ẹni tó máa ra tirẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n lè lọ ra òmíràn. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á.

Home theatre 5.1 ní spíkà márùn-ún àti subwoofer kan, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní bọ́fà. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, spíkà àárín ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré fún. Orin àti ariwo ló pọ̀ jù nínú ti àwọn yòókù. Torí náà, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, ọ̀dọ̀ spíkà àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ má lọ máa tú bọ́fà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó wà. Àwọn kan máa ń to márààrún sórí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni pàtẹ ọjà. Àwọn mìíràn gbé ti àárín sẹ́yìn àga, torí pé ibẹ̀ ni wáyà rẹ̀ gùn dé. Abẹ́ TV gan-an ni àyè rẹ̀, kó kọjú sí etí yín. Bí tábìlì bá kúrú, ẹ fi nǹkan gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ má tì í wọnú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ohùn rẹ̀ á há. Àwọn méjì wà lọ́tùn-ún àti lósì TV, àwọn méjì tó kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó yín, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Bọ́fà kò le: bí ẹ bá gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, á dún sí i. Bó bá ti ń da aládùúgbò láàmú, ẹ gbé e kúrò ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá Test Tone lórí rìmóòtù tàbí nínú Settings home theatre. Ariwo kan bíi òjò, “ṣííí”, á máa kúrò nínú spíkà kan bọ́ sínú òmíràn. Bó bá dé àárín tí kò dún, ẹ yẹ wáyà wò, bóyá ó ti já tàbí kò wọlé dáadáa. Bó bá dún níbẹ̀ àmọ́ tí kì í dún nínú fíìmù, spíkà yín kò bàjẹ́. TV ni kò fún un lóúnjẹ.

Àǹtí, ibí gan-an ni mo fura sí. Ẹ lọ sínú Settings TV, ẹ tẹ Sound, ẹ wá Digital Audio Output tàbí orúkọ tó jọ ọ́. Bó bá wà lórí PCM, ohùn méjì péré, ọ̀tún àti òsì, ni TV máa ń fi ránṣẹ́ gba wáyà optical tàbí ARC. Ẹ yí i sí Auto, Bitstream tàbí Dolby Digital. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ohùn 5.1 o. Ohùn méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ fídíò YouTube. Fún irú wọn, ẹ tẹ Surround tàbí Pro Logic lórí rìmóòtù home theatre, á fa ọ̀rọ̀ wá sí àárín.

Ní ti ARC, kì í ṣe gbogbo ihò HDMI ló ń dá ohùn padà láti TV. Èyí tí wọ́n kọ ARC sí ni kí ẹ lò, ní ẹ̀yìn TV àti ní ẹ̀yìn home theatre. Ọdún 2009 ló dé pẹ̀lú HDMI 1.4, nítorí náà TV àtijọ́ kò ní in, optical ni tiwọn. Ẹ tún tan CEC. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá ń dún, ẹ fi 2 tàbí 3 dB kún spíkà àárín nìkan, kí ẹ sì tan Night Mode tàbí DRC. Á rẹ ìbọn sílẹ̀, á gbé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sókè. Ọmọ á sùn.

Wáyà ńkọ́? Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá yí ti spíkà kan po, á ṣì máa dún, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni ìkejì ń fà á sẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ á sì rọ. Bí “ùùùn” bá ń dún lábẹ́ fíìmù, ẹ yọ wáyà dékódà wò. Bó bá dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Ẹ so gbogbo wọn mọ́ extension kan ṣoṣo, ó máa ń tán an lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Iná tiwọn jẹ́ 120 volt, tiwa jẹ́ 230. Bí wọ́n bá kọ AC 100–240V sí i, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má kì í bọ ògiri láìsí step-down transformer, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka iye watt tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, kí agbára transformer tí ẹ máa rà ju iye yẹn lọ dáadáa.